Ohùn Láàrin Òpó Òkúta

Òpópónà Ìjọkọ́,
Sango-Ọ̀tà.
12 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ṣùkúrát ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé àwọn arúgbó tí o ń tọ́jú ní Leeds kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún ló kàn ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣó nílé iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò lè dà bí ti ọmọ ogún ọdún.

Mo rí ohun tí o kọ sórí fóònù. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì gbé e fún Fàlílù télọ̀ pé kó bá mi kà á, kí n lè mọ̀ pé ojú mi kò tàn mí. O ní o ti sanwó fún èmi láti lọ sinmi ní Mísírà, pé wọn yóò mú wa yí ìlú Káírò ká, a ó rí àwọn òkè òkúta tí àwọn Firiáónà kọ́, a ó wá wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Náìlì, amọ̀nà yóò sì máa ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa. Mo dúpẹ́. Ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe irú rẹ̀ fún ọ.

Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Ṣé Mẹ́kà kò sí lójú ọ̀nà yẹn ni? Ẹni tó dé Mísírà tí kò yà sí Mẹ́kà dà bí ẹni tó dé Ìfọ̀ tó ní òun kò lè dé Abẹ́òkúta. Láti ọjọ́ tí Fàlílù ti ka ọ̀rọ̀ náà ló ti ń pè mí ní Àlájì. Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tẹnu mọ́ ọn. Ọkọ̀ ojú omi yẹn ńkọ́, ṣé ó ní ibi tí èèyàn lè dì mú? Àti pé ta ni yóò bá mi gbé yàrá? N kò lè sùn ti ẹni tí n kò mọ bàbá rẹ̀.

O ní o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, pé "hẹ́lòó, hẹ́lòó" nìkan ni mo ń sọ. Kì í ṣe etí mi. Àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí kì í la ẹnu dáadáa mọ́, òtútù ibẹ̀ yẹn sì máa ń gan ọ̀rọ̀ pa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Lẹ́tà kì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

Má sọ ìrìnàjò yìí fún ìyá rẹ. Ó ní òun ń lọ sí Itele lọ bá Hafeez àbúrò rẹ wẹ ọmọ. Ọmọ tó lọ wẹ̀ ti ń wẹ ara rẹ̀ báyìí, kò sì tíì padà wálé. Mo fẹ́ kó gbọ́ nígbà tí mo bá ti wà lójú ọ̀run.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jìbírílù Ayọ̀rìndé.


Ilé Hafeez,
Itele.
20 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Báwo ni o, báwo ni iṣẹ́ alẹ́? Ṣé o ń jẹun? Mo rí fọ́tò rẹ tó o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ ti gùn jù. Hafeez kí ọ, ìyàwó rẹ̀ náà kí ọ.

Mo gbọ́ ti Mísírà tí o fẹ́ kí n lọ. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Kò sẹ́ni tó ti ní kí n lọ sinmi rí láyé mi, àfi dókítà. Màá lọ. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo gbọ́ pé ọ̀nì wà nínú odò yẹn. Bá mi bi wọ́n bóyá ọkọ̀ náà ga tó.

Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Wọn kì í kúkú gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí wọn.

O béèrè ìgbà tí màá padà sí Sango. Ṣùkúrát, ọ̀fun mi ló ní kí n dúró síbí. Bí mo bá ní kí bàbá rẹ bá mi gbé omi, wọ́n á ní ta ló bímọ. Bí mo bá ní iná ti lọ, wọ́n á ní ibo ló lọ. Mo ń pariwo títí àwọn ará ilé fi ń sáré wá làjà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni mo ń pè wọ́n sí. Ìyẹn náà kò dùn mí tó bí ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í pariwo sọ. Màá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa wo ògiri. Èèyàn kò lè máa bá ẹni tó ń wo ògiri gbé títí láé. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ yẹ etí wò, wọ́n á bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bá mi ra sálúbàtà tí kì í yọ̀, ìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀.

Ìyá rẹ,
Ràbíátù.


Leeds.
3 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà mi bá orúnkún yín nínú ìrọ̀rùn.

Mẹ́kà kò sí lójú ọ̀nà, Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún Fàlílù kó fi orúkọ yẹn pamọ́ títí Ọlọ́run yóò fi ṣe tiyẹn náà. Ọkọ̀ ojú omi ní irin tí ẹ lè dì mú láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fọlájìmí tó ń ṣètò ìrìnàjò ní Ìkẹjà ni yóò bá yín ṣe ìwé ìrìnnà, òun náà ni yóò pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú nínú oṣù kìíní.

Ní ti yàrá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ dáadáa ni yóò bá yín gbé, ẹ mọ bàbá rẹ̀, ẹ sì mọ ìyá rẹ̀.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Gbogbo àwọn bàbá tí mo ń tọ́jú níbí ló ń fi nǹkan sí etí, kò sì sí èyí tó ń tijú nínú wọn. Ariwo ẹ̀rọ ìṣó tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún dúró tì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọmọ yín,
Ṣùkúrát.


Káírò.
15 Oṣù Kìíní, 2025.

Ṣùkúrát,

N kò ní kí ọ púpọ̀ lónìí, nítorí inú ń bí mi. Ó dára náà, ṣé ara le?

"Ẹni tí a mọ̀ dáadáa." Ohun tí o kọ sí mi nìyẹn. Mo dé pápákọ̀ òfurufú, Fọlájìmí gbé ìwé ìrìnnà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ̀ lé obìnrin tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé yẹn. Mo tẹ̀ lé e. Obìnrin náà yíjú padà, ìyá rẹ ni. Ó wò mí bí ẹni tó rí agbowó-orí. Mo bi Fọlájìmí pé kí ló dé, ó ní òun ní èrò mìíràn láti rí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

A jókòó ti ara wa láti Ìkẹjà títí dé Káírò, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Bí ìyá rẹ bá sọ ọ́, mi ò gbọ́, nítorí ariwo bàlúù pọ̀. Yàrá kan ni wọ́n fún wa, bẹ́ẹ̀dì méjì. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí àárín méjèèjì bí ẹni tó ń mọ odi.

Lánàá wọ́n mú wa lọ wo àwọn òkè òkúta náà. Wọ́n ga, àfárá Sango kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo wò wọ́n títí. Mo ń bi ara mi pé kí ni Firiáónà ń bẹ̀rù tó fi kọ́ irú ilé báyìí tí kò ṣe fèrèsé kan ṣoṣo sí i. Ràkúnmí kan fẹ́ jẹ fìlà mi. Mo gbà á padà.

Amọ̀nà wa ń jẹ́ Umar. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ pín nǹkan kan fún wa pé kí a fi sí etí. Mo dá a padà, mo ní kó fún ẹni tó bá dití nínú wa. Ó ń wò mí, mo ń wò ó.

Kọ̀wé sí mi lórí fóònù yìí, kí o wí tẹnu rẹ.

Bàbá rẹ tí o tàn jẹ,
J. Ayọ̀rìndé.


Leeds.
16 Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ ní ti ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ ní ti obìnrin. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀yin méjèèjì kò ní lọ. Èmi àti Hafeez la jọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni mo ronú rẹ̀, ẹ má bá a wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí kúrò láàrin. Bàbá, ẹ gba nǹkan etí lọ́wọ́ Umar. Gbogbo èrò ló ń lò ó, kì í ṣe ti adití.

Ṣùkúrát.


Leeds.
19 Oṣù Kìíní, 2025.

Ìyá mi,

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nínú yín. Hafeez ní Fọlájìmí sọ fún òun pé wọ́n wá Bàbá tì nínú ọjà ní Káírò. Nígbà tí mo pe Fọlájìmí padà, kò gbé e. N kò lè jẹun, díẹ̀ ló sì kù kí n fún arúgbó kan ní oògùn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ẹ kọ, Ìyá mi. Ṣé ẹ ti rí wọn?

Ṣùkúrát.


Nínú ọkọ̀ ojú omi,
lórí odò Náìlì.
21 Oṣù Kìíní, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Fọkàn balẹ̀, lọ jẹun. A rí bàbá yín. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi kọ̀wé, lẹ́yìn ìyẹn fóònù kò tún ṣiṣẹ́ lórí omi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Umar mú wa lọ sí ọjà àtijọ́ kan ní Káírò. Kí ó tó tú wa sílẹ̀, ó ní ibi ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí la ó ti pàdé, kí a máa wo àsíá yẹ́lò tó wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo wa gbọ́ ọ nínú nǹkan etí. Bàbá yín kò gbọ́, wọ́n kàn rí àsíá yẹ́lò. Amọ̀nà mìíràn tún wà nínú ọjà yẹn tó mú àsíá yẹ́lò dání, tó ń kó àwọn ará Sípéènì kiri. Bàbá yín tẹ̀ lé tiwọn.

Nígbà tí a pé jọ tí mi ò rí wọn, Ṣùkúrát, ìbínú wọn kúrò nínú mi, ẹ̀rù nìkan ló kù. Mo ń sáré láti ìsọ̀ kan dé èkejì, mo ń pariwo "Bàbá Ṣùkúrát", nígbà tí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá wà ní ìsọ̀ kejì, wọn kò lè gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo jókòó sílẹ̀ tí mo sunkún. Umar bi mí bí wọ́n ṣe rí. Mo ní kó bi àwọn amọ̀nà ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n rí bàbá dúdú kan tó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó pè wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó pè kẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ibẹ̀, bàbá yín wà nínú ilé oúnjẹ láàrin àwọn ará Sípéènì, wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń mi orí. Wọ́n rí mi, wọ́n ní mo pẹ́.

Umar kò bínú, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kò bá fi nǹkan sí etí kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́. Bàbá yín gbà á bí ẹni tó ń gba oògùn kíkorò.

Lánàá a sọ̀ kalẹ̀ ní Lúsọ̀, ìlú kan létí odò náà. Wọ́n mú wa lọ sí ilé òrìṣà àtijọ́ kan. Òpó òkúta inú rẹ̀ tò bí igbó igi tíìkì, èèyàn mẹ́fà kò lè di ọ̀kan mọ́ra. Umar bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó dá àpárá kan nípa ọba tó fi orúkọ ara rẹ̀ sórí iṣẹ́ ọba mìíràn. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá yín náà rẹ́rìn-ín. Mo yíjú wò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí bàbá yín ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán. Lánàá, ìgbà kan náà ni.

Ọkàn mi kò lélẹ̀ mọ́. Nígbà tí Umar ní kí olúkúlùkù máa rìn kiri fúnra rẹ̀, mo lọ bá a, mo ní kó yá mi ní ohun kékeré tó wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sí. Ó wo ojú mi, ó yọ ọ́, ó fi hàn mí bí wọ́n ti ń lò ó. Bàbá yín wà lókèèrè, wọ́n ń wo àwòrán lára òpó. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn òpó mìíràn. Mi ò pariwo. Ohùn tí mo fi ń bá ẹ̀yin ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́wọ́ ni mo lò.

Mo ní, "Bàbá Ṣùkúrát, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Wọ́n dúró gbọn-in. Wọ́n gbójú sókè. Mo rí i tí ètè wọn ń mì.

Mo ní, "Èmi ni. Ràbíátù ni."

Wọ́n ní, "Mo ń gbọ́." Ìyẹn dún yí gbogbo ilé òrìṣà ká, nítorí wọn kò ní nǹkan tí wọ́n lè fi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi.

Mo ní, "Mi ò bá yín jà kúrò nílé. Ó rẹ̀ mí ni. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ń wo ògiri."

Wọ́n fi ojú wá mi láàrin àwọn òpó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo rò pé o ti dákẹ́ ni. Mo rò pé o kò ní nǹkan kan tó o fẹ́ bá mi sọ mọ́."

Mo gbàgbé pátápátá pé etí gbogbo èrò ni ọ̀rọ̀ mi ń wọ̀. Nígbà tí mo jáde lẹ́yìn òpó, gbogbo wọn ti dúró síbi tí wọ́n wà, oníkálukú fi ọwọ́ ti etí. Obìnrin olùkọ́ kan wà láàrin wa tó ń jẹ́ Àdúràolúwa, ará Ìbàdàn ni. Ó ń sunkún, ó sì ń túmọ̀ ohun tí mo sọ fún àwọn Òyìnbó tí a jọ ń rìn. Bàbá Òyìnbó kan ní kó bi mí bóyá mo ṣì ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sórí òkúta ọba kan, ẹ̀ṣọ́ sì lé mi dìde.

A kò tíì parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń bínú sí ọ, èmi náà ń bínú sí ọ. Sálúbàtà tí o rà ń yọ̀.

Ìyá rẹ,
Ràbíátù.


Ásúwàn.
24 Oṣù Kìíní, 2025.

Ṣùkúrát ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti ròyìn. Gbọ́ tèmi náà.

Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi láàrin àwọn òpó yẹn, àlùjọ̀nnú ni mo pè é. Ilé òrìṣà ni, àwọn ère sì ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka Áyátù-l-Kúrísíyù. Mo kà á dé àárín, ohùn náà ní Ràbíátù ni òun. Mo wá rò ó pé kò sí àlùjọ̀nnú tó gbọ́ èdè Ìwó, ìlú ìyá rẹ, dáadáa báyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ìyá rẹ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ariwo nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti gbà pé bí ohùn rẹ̀ ṣe dà nìyẹn, pé ọjọ́ orí ló fà á. Àṣé ohùn tó ní nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi kò mì rárá, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìgbẹ́sà ń mì jù ú lọ. Oúnjẹ wọn pọ̀, ata rẹ̀ ni kò sí. Ìyá rẹ gbé àpótí kúrò láàrin bẹ́ẹ̀dì, ó ní ó ń dí òun lọ́nà ilé ìwẹ̀.

Lónìí ni Umar gba nǹkan etí padà lọ́wọ́ gbogbo wa. Mo ti fi tèmi sápò, ó ní kí n jọ̀ọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo ọkọ̀ ti dákẹ́ fún mi. Bá mi wádìí bóyá wọ́n ń ta irú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo dití. Mo kàn fẹ́ràn bó ṣe ń mú ọ̀rọ̀ wá sítòsí.

Bàbá rẹ,
Jìbírílù.


Leeds.
2 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín.

Mo ti bá dókítà etí kan ní Ìkẹjà sọ̀rọ̀, ó ní ìgbàkígbà tí ẹ bá wá ni òun yóò yẹ̀ yín wò. Mo kọ èyí sí yín nínú oṣù tó kọjá, ẹ kò dáhùn. Mo kọ sí Ìyá, wọn kò dáhùn. Hafeez ló wá sọ fún mi pé láti pápákọ̀ òfurufú ni oníkálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹ̀yin sí Sango, Ìyá sí Itele, pé Ìyá ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé kí òun máa bọ̀ nílé.

Mo ń ro gbogbo rẹ̀. Mo ń bi ara mi bóyá mo ba nǹkan jẹ́ sí i ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bú mi. Ìdákẹ́jẹ́ yín ni mi ò lè fara dà.

Ọmọ yín,
Ṣùkúrát.


Òpópónà Ìjọkọ́,
Sango-Ọ̀tà.
13 Oṣù Kẹrin, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wo orí lẹ́tà yìí kó o rí ibi tí mo ti kọ ọ́. Kú ọdún tó kọjá, kú ìfọkànsìn.

Bàbá yín kò dákẹ́ lásán. Wọ́n ti ń lọ bá dókítà ní Ìkẹjà láìsọ fún ẹnikẹ́ni àfi Fàlílù, wọ́n ní kí nǹkan etí tó fún àwọn kọ́kọ́ mọ́ àwọn lára ná. Ọjọ́ kejì ọdún ni mo rí wọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní iwájú ilé Hafeez. O mọ bí ọ̀nà Itele ṣe rí bí òjò bá ti kan ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ti ba agbádá ọdún wọn jẹ́ dé àyà. Mi ò rí nǹkan kan létí wọn, nítorí fìlà abetí-ajá ni wọ́n dé.

Mo kí wọn, mo pariwo gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Wọ́n fa ojú ro. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo wọ kíṣìnnì lọ. Mo ń fọ àwo, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Wọ́n mà ti rù."

Wọ́n dáhùn láti pálọ̀ pé, "Kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún mi ni."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó Hafeez sáré wọlé, ó rò pé mo ṣubú. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ká etí fìlà sókè, wọ́n jókòó bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Wọ́n ní àwọn kò wá bẹ̀ mí, nítorí a kò jà. Wọ́n ní àwọn wá kí n lè máa sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ nílé mi, bó ti wù kó kéré tó. Mo ní kí wọ́n dúró kí n di ẹrù mi.

Má rò pé ìsinmi ni mo padà wá bá. Wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo báyìí. Wọ́n ní fíríìjì ń ráhùn, wọ́n ní mo ń han-run, wọ́n ní àdúrà mi ti gùn jù. Fàlílù kò lè sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbádùn rẹ̀. Mo ti sọ pé kí wọ́n máa yọ ọ́ bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyá Mùíbátù lójúlé kejì. Wọ́n kọ̀.

Lánàá lọ́sàn-án, òjò ńlá rọ̀. Òkè páànù ń dún gan-an. Bàbá yín dìde lórí àga, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé kí ló ń dún báyẹn. Mo ní òjò ni. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n wá ní láti ọdún wọ̀nyí, àwọn rò pé òjò ló ti yí padà, pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìkan ló ń rọ̀ báyìí.

Mo gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A jọ ń gbọ́ ọ títí ó fi dá.

Ìyá rẹ,
Ràbíátù.